Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òrùlé Yẹn

Ìlú Kazahama, létí òkun ní Japan, kò tóbi, orí kunkun rẹ̀ ló tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí kunkun náà ṣe rí nígbà tó bá kó sára ènìyàn kan ṣoṣo, kó lọ wo Orihara Sumie nílé ẹṣin tó wà lẹ́yìn ìlú, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá. Obìnrin tó ti lé dáadáa ní ogójì ọdún ni. Èjìká rẹ̀ gbòòrò bíi ti àwọn tó ń ru àpò ìrẹsì ní èbúté, ohùn rẹ̀ sì le débi pé ẹṣin tó bá fẹ́ tàpá yóò kọ́kọ́ rò ó wò. Kò sí ẹṣin tí wọ́n ń gùn ní Kazahama tí kì í ṣe ọwọ́ Sumie ló ti kọ́ ìwà. Òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba gàárì mọ́ra, òun ló ń fun fèrè sí wọn létí kí ariwo má bàa dẹ́rù bà wọ́n lọ́jọ́ àjọ̀dún. Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún bá wá pé, àwọn ọkùnrin á gun ẹṣin, Sumie á gbé garawa àti ṣọ́bìrì, á máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn láti kó ìgbẹ́ ẹṣin.

Àjọ̀dún ẹlẹ́ṣin ni mò ń wí. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, ilé kọ̀ọ̀kan tí baba ńlá wọn tẹ̀ lé olúwa ìlú lọ sógun láyé àtijọ́ á gbé ìhámọ́ra ogún ìdílé wọn jáde, wọ́n á fi àsíá ilé wọn sẹ́yìn, wọ́n á sì gun ẹṣin la àárín ìlú kọjá lọ sí ojúbọ. Òfin méjì ló de ọjọ́ náà. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹlẹ́ṣin láti òkè. Bí o bá ṣí fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí wọ́n ń kọjá, ẹlẹ́ṣin á dá ìjánu dúró, á sì pariwo mọ́ ọ, "Sọ̀ kalẹ̀!" Ìwọ náà á sì sọ̀, ì báà jẹ́ ìwọ lo ni ìlú. Olórí ìlú kan wà tó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì tẹrí ba sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Òfin kejì ni pé ọmọbìnrin lè gun ẹṣin títí yóò fi pé ogún ọdún. Tó bá ti pé ogún, tàbí tó ti wọlé ọkọ, ó parí. Èmi ò mọ ẹni tó ṣe òfin kejì yìí, mi ò sì rò pé wọ́n bi ẹṣin kankan léèrè.

Láti kékeré ni Sumie ti ń gun ẹṣin nínú àjọ̀dún, ó sì mọ̀ ọ́n gùn ju ọmọkùnrin èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún tó pé ogún, bàbá rẹ̀, Tokuji, fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àsíá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó ká a, ó ní, "Ó tó." Wọ́n fi Sumie fọ́kọ ní Sendai. Ọkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹṣin nílé rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Sumie fi palẹ̀ ẹrù mọ́, tó padà sílé bàbá rẹ̀, tó sì lọ tààrà sílé ẹṣin láì tíì bọ́ aṣọ ìrìn àjò.

Bàbá náà kò bímọ ọkùnrin. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun ẹṣin mọ́, Mamoru, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ta mọ́tò ní Sendai, ló ń bá a gbé àsíá Orihara. Àsíá dúdú ni, ààbọ̀ òṣùpá funfun wà láàárín rẹ̀, ipò kẹta ló sì máa ń wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Mamoru á dé láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, á jókòó sórí ẹṣin bí àpò ìrẹsì tí wọn ò so dáadáa, á sì tún bèèrè lọ́wọ́ Sumie pé apá ibo ni ìjánu wà. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Tokuji fi sí i. Ọdọọdún ló ń fi sí i, Sumie sì ń kó ìgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ báyìí ló wà nígbà tí àwọn onífíìmù dé.

Láti Kyoto ni wọ́n ti wá, lọ́dún 1984, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó gba gbogbo iwájú ọjà ẹja. Namikawa lorúkọ ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ awò dúdú, tí sìgá kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fíìmù sámúráì, àwọn jagunjagun Japan àtijọ́, ni wọ́n fẹ́ ṣe: ìtàn olúwa ìlú kékeré kan tó kọ̀ láti túúbá fún ogun ńlá, tó kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ jáde ní ìdájí lọ síbi tí gbogbo wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní padà. Wọ́n yan Kazahama nítorí pé ẹṣin ibẹ̀ kì í ṣe ẹṣin àyágbé, ìhámọ́ra ibẹ̀ kì í sì í ṣe páálí tí wọ́n kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n gbà síṣẹ́. Wọ́n gba Sumie náà, láti máa tọ́jú ẹṣin.

Ọjọ́ tí wọ́n pín wíìgì fún àwọn ọkùnrin, Kazahama rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dun ìlú. Wíìgì sámúráì ni, tí iwájú orí fá, tí irun ẹ̀yìn sì di ṣóńṣó. Tadokoro tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, dé tirẹ̀, ó wá ń yan níwájú ilé ẹṣin.

"Ẹ̀gbọ́n Sumie, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ó bá mi mu?"

"Ó bá ọ mu. O dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi joyè."

"Ẹ ò ní yé bú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ èmi ni màá kú ṣáájú nínú fíìmù yìí o! Ọ̀gá ní ọfà á bà mí lọ́rùn."

"Kú dáadáa. Ṣùgbọ́n tó o bá ń ṣubú, má fa ìjánu. Ẹnu ẹṣin ò mọ̀ pé o ti kú."

Ó ń rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ṣe ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta á. Àwọn tí òun kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró lórí gàárì ló fẹ́ wọ fíìmù, òun sì ni yóò di okùn ẹṣin mú fún wọn níbi tí kàmẹ́rà kò ti ní rí i. Ó ń jowú, kò sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ ya ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń jáde nílùú ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọ́n ti wọ ìhámọ́ra, àsíá ń fẹ́ lẹ́yìn wọn, ẹṣin ń da èémí gbígbóná sínú òtútù. Shishido Genzaburo, àgbà ẹlẹ́ṣin, tó ń ta ẹja lọ́jọ́ gbogbo, ló wà níwájú. Ó gbójú sókè, ó rí i pé àwọn onífíìmù ti gbé kàmẹ́rà gun òrùlé ilé ìpọntí, ilé tó ga jù lójú ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta jókòó tì í, wọ́n ń mu tíì.

"Kí nìyẹn?"

"Kàmẹ́rà ni, Bàbá," Namikawa dá a lóhùn.

"Mo mọ̀ pé kàmẹ́rà ni. Kí ló lọ ṣe lókè?"

"Láti òkè ni mo fẹ́ kí ayé ti rí yín. Gbogbo àsíá yẹn, bí odò tó ń ṣàn. Ẹ máa rí i, ẹ máa sunkún."

"A ò ní sunkún. A ò sì ní kọjá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù lásán ni."

Genzaburo fọwọ́ kan wíìgì orí rẹ̀. "Èyí, ti fíìmù ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ, ti fíìmù ni. Àsíá ẹ̀yìn mi yìí, abẹ́ rẹ̀ ni baba ńlá mi kú sí."

"Ẹ yọ àsíá nígbà náà. A máa fún yín ní tiwa."

Ó yẹ kí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn. Genzaburo sọ̀ lórí ẹṣin, ó ṣí wíìgì, ó gbé e sórí ògiri ilé ìpọntí. Ẹlẹ́ṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbé tirẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó tún tẹ̀ lé e náà gbé tirẹ̀. Tadokoro ló gbé tirẹ̀ kẹ́yìn, ó tilẹ̀ fọwọ́ pa á lórí díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Wọ́n fa ẹṣin wọn, wọ́n sì lọ sílé, wọ́n fi wíìgì sílẹ̀ lórí ògiri bí ológbò tó ń yáàrùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Namikawa wá bá Sumie nílé ẹṣin. Sumie ń fi ọ̀bẹ ha pátákò Tsubame, abo ẹṣin pupa tó fẹ́ràn jù.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Wọ́n ní ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin."

"Wọn ò purọ́."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ mọ ẹṣin gùn ju gbogbo wọn lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tadokoro ni. Ó ní kí n má sọ pé òun ni."

Sumie rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gbójú sókè. Namikawa bẹ́rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi. Òfin wọn ò mú yín, torí wọn ò kà yín mọ́ ẹlẹ́ṣin. Mi ò nílò èrò mọ́. Ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo, àsíá kan ṣoṣo, ìlú dá páropáro. Ẹni tó ṣẹ́ kù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́. Mi ò ní bo ojú yín. Gbogbo Japan máa rí i pé obìnrin ni."

Ọ̀bẹ dúró lórí pátákò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú Sumie dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kí ẹṣin má gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ohun tó ti ń wá láti ogún ọdún ó lé ni àlejò kan gbé wá sí iwájú rẹ̀ yìí, àfi pé kò gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Abẹ́ kàmẹ́rà yẹn ló fẹ́ kó gbà kọjá.

"Lọ bi bàbá mi," ló sọ níkẹyìn. "Òun ló ni àsíá."

Ó dá a lójú pé bàbá á kọ̀. Ó ti ń múra ìjà sílẹ̀ bó ṣe ń gbé ìrẹsì àti ẹja yíyan ka iwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Tokuji fi igi ìjẹun rẹ̀ mú ẹja, ó ní, "Ọ̀gá onífíìmù wá. Mo ti ní kó o gbé e."

"Àsíá?"

"Àti ìhámọ́ra. Kí ló burú ńbẹ̀? Eré ni."

"Bàbá, abẹ́ kàmẹ́rà ni mo máa gbà. Bàbá Shishido kọ̀ ọ́."

"Ẹlẹ́ṣin ni Shishido. Ó gbọdọ̀ kọ̀ ọ́." Ó jẹ ẹja, ó gbé egungun sí ẹ̀gbẹ́ àwo. "Wọ́n tilẹ̀ ní kí n wá jókòó ti kàmẹ́rà lórí òrùlé, wọ́n á fún mi ní ìrọ̀rí. Mo ti gbà."

Sumie gbé igi ìjẹun sílẹ̀. "Ẹ̀yin? Lórí òrùlé? Bàbá, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹ ò dúró lókè rí nígbà tí ẹlẹ́ṣin ń kọjá. Ọdún tí ibà dá yín dùbúlẹ̀, ẹ ní ká gbé yín sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹlẹ́ṣin wo ló fẹ́ kọjá?" bàbá bi í. "Ṣebí ìwọ ni."

Kò sọ ọ́ láti fi gún un lára. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun Sumie wọ egungun. Èébú ṣeé dá padà, ìjà ṣeé jà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé omi tutù. Sumie kó àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n. Kó tó nu àwo tó gbẹ̀yìn tán, ó ti mọ ohun tó ń fẹ́. Kì í ṣe fíìmù, kì í sì í ṣe kí gbogbo Japan rí i. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tokuji fúnra rẹ̀ ló wọ ìhámọ́ra fún un. Ó ní eré ni, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń so okùn ìhámọ́ra lọ́nà eré. Ó fà á le, ó dán an wò, ó tú èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un so. Ó fi àsíá sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn onífíìmù méjì gbé e gun àkàsọ̀ lọ sórí òrùlé ilé ìpọntí, wọ́n fi ìrọ̀rí sí i nídìí, wọ́n bu tíì fún un.

Àwọn ọkùnrin ìlú ti búra pé àwọn ò ní wò ó. Kí ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà láàárọ̀ yẹn! Tadokoro gbé tófù jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ra tófù. Genzaburo dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń pọ́n ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Àwọn yòókù ń tún kẹ̀kẹ́ tí kò bàjẹ́ ṣe.

"Ó ya!" Namikawa pariwo láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀.

Tsubame yọ láti ìkangun ọ̀nà. Kò sáré, kò sì falẹ̀. Ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Sumie nàró lórí rẹ̀, àṣíborí irin lórí, àsíá dúdú ń lù pàpà lẹ́yìn rẹ̀. Tadokoro gbàgbé pé òun ń ta ọjà. Obìnrin yẹn la ìlú kọjá títí ó fi dé abẹ́ ilé ìpọntí, ó fa ìjánu, Tsubame sì dúró gbọin.

"Ẹ máa bọ̀!" Namikawa ń pariwo. "Ẹ má dúró, mà! Ẹ máa bọ̀!"

Sumie gbójú sókè.

"Ta ló ń wo ẹlẹ́ṣin láti òkè?"

Ohùn yẹn lu ògiri, ó padà. Ẹni tó di kàmẹ́rà mú yọjú, ó wo ọ̀gá rẹ̀ nísàlẹ̀, kò mọ èwo ni ṣíṣe.

"Èmi ni Orihara Sumie! Ipò kẹta lẹ́yìn olúwa ìlú ni ilé wa! Òfin tó de gbogbo ẹlẹ́ṣin ló de tèmi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé yẹn!"

Àwọn ọmọ Kyoto kò dúró bèèrè ìtumọ̀. Wọ́n ń gbá ara wọn lórí àkàsọ̀, ife tíì ń yí tẹ̀ lé wọn, bàtà ẹnì kan kù sórí òrùlé. Ó wá ku Tokuji nìkan lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Sumie! Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ mí."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Wọ́n ní kó o wá ṣeré, o wá ń—"

"Ẹ̀yin lẹ so okùn yìí mọ́ mi lára. Ṣé okùn eré nìyí? Bí mo bá sọ̀ lórí ẹṣin, màá wólẹ̀ fún yín, màá se oúnjẹ yín, màá fọ aṣọ yín bí mo ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo wà lórí ẹṣin báyìí, àsíá ilé yín wà lẹ́yìn mi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Genzaburo sáré wọ ojú ọ̀nà, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Sumie, ó tó! Kí ló dé? Bàbá ẹ mà ni!"

"Bàbá Shishido, òfin tí ẹ torí rẹ̀ fi wíìgì àlejò sílẹ̀, ṣé ó ní ojú tó fi ń mọ bàbá ẹni ni?" Ó yí Tsubame sí i. "Bó bá jẹ́ pé èmi kì í ṣe ẹlẹ́ṣin, ẹ wá yọ àsíá yìí lẹ́yìn mi. Ẹ wá. Ẹni tó bá dá a lójú nínú gbogbo yín, kó wá."

Ẹnikẹ́ni kò wá. Genzaburo wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀, ó fi í sẹ́yìn. Namikawa ti ju sìgá rẹ̀ sílẹ̀.

Lórí òrùlé, Tokuji jókòó pẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó wo àsíá dúdú nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí kò ti yẹ kí ó wò ó láyé rẹ̀, ìtìjú sì bà lé e. Gbogbo wa rí i lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Àwọn onífíìmù méjì fẹ́ gòkè lọ mú un, ó juwọ́ sí wọn kí wọ́n kúrò. Ó fẹ̀yìn rìn bọ́ sórí àkàsọ̀, ó ń fa orúnkún tó ń dùn ún láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì, ó sinmi láàárín, ó tún ń sọ̀. Sumie kò sọ̀ láti lọ gbà á. Ó ń wù ú, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀.

Ẹsẹ̀ bàbá kan ilẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó yípo, ó wo àwọn ọkùnrin Kazahama tí wọ́n dúró lọ́nà pẹ̀lú tófù àti kẹ̀kẹ́ wọn.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ó jágbe mọ́ wọn. "Shishido, kúrò lójú ọ̀nà. Tadokoro, ṣí fìlà orí ẹ. Gbogbo yín, ẹ tẹrí ba. Ẹlẹ́ṣin ń kọjá."

Orí tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wálẹ̀.